Àbúrò Mi tí Wọn Ò Dábẹ́ Fún

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ju àbúrò mi lọ, àwa méjèèjì nìkan sì ni ìyá wa bí. Ìlú Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí wa sí, nínú agbo ilé bàbá wa tí kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán, níbi tí ìyá wa ti ń ta òwú, abẹ́rẹ́, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn télọ̀. Dẹ́rẹ́bà káńsù ni bàbá wa. Bó ṣe ń lọ ló ń bọ̀, mo sì wà ní sẹ́kọ́ńdírì nígbà tó kú. Nítorí náà, tí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ ilé wa, ìyá wa, àbúrò mi àti èmi ni mò ń sọ.

Nígbà tí àbúrò mi wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, iṣẹ́ mi ni láti wẹ̀ fún un kó tó lọ sí iléèwé. Ẹ̀yìn ilé la ti ń wẹ̀, lórí òkúta pẹlẹbẹ kan, àwa méjèèjì la sì jọ máa ń wẹ̀ kí àkókò má baà lọ. Ọmọ tó máa ń wo nǹkan ni. Òun ló kọ́kọ́ rí i pé bàtà kan náà ni tíṣà òun ń wọ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọṣẹ wà lójú mi, mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Àǹtí mi, kí ló dé tí tiyín ò rí bíi tèmi?"

Mo la ojú kan. Mo wo ibi tó ń nàka sí. Mo wo tirẹ̀, mo wo tèmi. Òótọ́ ló sọ. Tirẹ̀ ní nǹkan kékeré kan tó yọrí lókè bí irúgbìn tó fẹ́ hù. Tèmi tẹ́jú, àpá kan tó ń dán ló wà níbẹ̀. Mi ò mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, èmi sì ni ẹ̀gbọ́n. Mo gbọ́dọ̀ dáhùn.

"Ti àgbà nìyẹn," ni mo wí. "Tó o bá dàgbà, tìẹ náà á já bọ́ bí eyín."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó kíákíá. "Èmi ò fẹ́ kó já bọ́!"

Ìyá wa ń sá aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá mi wí pé mo parọ́. Ó kàn dúró, aṣọ tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán sí i lẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá ó ní ká sáré, pé a fẹ́ pẹ́. Láti ọjọ́ kejì ni òun fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ fún àbúrò mi, nínú yàrá, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. Mo rò pé ó ní mi ò mọ ọmọ wẹ̀ ni, mo sì bínú fún bí ọjọ́ mẹ́ta.

Ibùsùn kan náà la jọ sùn dàgbà. Òun a máa ta mí nípàá, èmi a máa fa aṣọ ìbora. Nígbà tí mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ó kọ lẹ́tà sí mi pé òun ti wá ń sùn dáadáa báyìí, pé kí n má tètè padà wá. Nísàlẹ̀ lẹ́tà náà ló wá kọ ọ́ kékeré pé irọ́ ni.

Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti gbà mí síṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo ti rí ọkọ mi. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló ń ṣe, ní Sábó, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó wà láàárín àwọn tó ń ta àlùbọ́sà àti àwọn tó ń ran fìlà. Ìwé ètò àjọyọ̀ ìparí ọdún iléèwé wa ló gbé mi débẹ̀. Níbi tí ó ti yẹ kó tẹ "àdúrà ìbẹ̀rẹ̀," "àdúrà ìbẹ̀rù" ló tẹ̀. Mo kó gbogbo ìwé náà padà lọ bá a, mo sì ti ṣètò gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sí i. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pín èsì ìdánwò, ṣé àdúrà míì tún wà tí àwọn ọmọ yẹn máa gbà ni?" Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ṣètò ló fò lọ. Lẹ́yìn ọdún méjì, ṣọ́ọ̀ṣì onítẹ̀bọmi la ti ṣègbéyàwó, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ káàdì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á kí n tó jẹ́ kó pín in.

Kí ìgbéyàwó wa tó wáyé, àwọn ìyá ìjọ pè mí jókòó, wọ́n kọ́ mi ní sùúrù, wọ́n kọ́ mi ní àdúrà, wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń tọ́jú àwọn ẹbí ọkọ. Tí ó bá di ti inú yàrá, wọ́n ní kí n ṣáà má máa kọ̀ fún ọkọ mi. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a jọ wà pọ̀, ó dùn mí gan-an, mo ní bí ti gbogbo wúńdíá ṣe rí nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ṣì ń dùn mí bíi pé awọ ibẹ̀ fẹ́ ya, mo ní bí ti gbogbo abilékọ ṣe rí náà nìyẹn. Ọkọ mi kì í ṣe òǹrorò. Á dúró, á ní, "Ṣé kò dùn ọ́?" Màá ní rárá. Màá máa wo àjà, màá máa ronú ohun tí màá kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́jọ́ kejì. Lọ́dún yẹn, kò sí tíṣà tó múra iṣẹ́ sílẹ̀ tó mi.

Nígbà tí mo fẹ́ bí ọmọkùnrin wa, ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ni mo fi rọbí. Ojú àpá yẹn kò nà bó ṣe yẹ kó nà. Ó ya, wọ́n rán an, ó jinná, àpá sì tún gun orí àpá. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún kan ni mo fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀, kókó kékeré bí ẹyọ ẹ̀wà. Kò pẹ́, ó tó ẹ̀pà tí a kò tíì bó. Tí mo bá jókòó, ó ń rin mí. Tí mo bá tọ̀, ó ń ta mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó ní kíláàsì, àwọn ọmọ sì ń sín mi jẹ lẹ́yìn, mo mọ̀.

Mi ò sọ fún ọkọ mi. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí. Orí ń fọ́ mi. Ó rẹ̀ mí. Ọmọ ò tíì sùn. Òun náà kò bá mi jà, ṣùgbọ́n ó wá ń pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó bá sì dé, á fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, á fọ̀ ọ́ títí tí awọ ọwọ́ rẹ̀ fi ń bó. Mo rò pé nítorí oúnjẹ ni. A ń gbé pọ̀ bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó fẹ́ràn ara wọn, inú mi sì ń bàjẹ́ nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì rí i pé kò dá a lójú mọ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, àbúrò mi wà ní Ọ̀yọ́, ó ń ṣe irun. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó ti fẹ́ ọkùnrin kan tó ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì, oyún oṣù mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀ lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Iléèwé gba ìsinmi, mo gbé ọmọ mi, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, ìyá wa wà lọ́jà, ọmọ mi sì wà lẹ́yìn rẹ̀, èmi àti àbúrò mi wá tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní yàrá ìyá wa, a dùbúlẹ̀ sábẹ́ fáànù bí a ti máa ń ṣe látijọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ rẹ̀. Ó ní oyún náà ti fẹ́ẹ́ sọ òun di aláìnítìjú.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni mo máa ń jí i? Ó ní òun ti kan àga títí ó ti rẹ òun, kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun sùn!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ ń mì.

Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Mo bi í ní ìbéèrè tí mi ò tíì bi ẹnikẹ́ni rí.

"Kí ló máa ń rí gan-an?"

"Kí ni?"

"Ohun tó ń mú ọ jí i."

Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó rí ojú mi, ó fara balẹ̀, ó ronú. "Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ sín," ó ní. "Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ẹ ti la ẹnu sílẹ̀ dè é, gbogbo ara yín ló ń dúró dè é. Ó wá dé. Ara yín á wá rọ̀ wọ̀ọ̀. Àmọ́ ó dùn ju sísín lọ o. Ó dùn gan-an ni."

"Tèmi náà ń dùn mí," ni mo wí, "ṣùgbọ́n ìrora ni."

Ó dìde jókòó. "Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan?"

"Gbogbo ìgbà."

"Kò sí òmíràn rárá? Kò sí èyí tí mo sọ yẹn rí, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan?"

Mo mi orí. Mo wá sọ ti kókó náà fún un. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo rí i tí nǹkan kan ń yí lójú rẹ̀, bí ìgbà tó bá ń wá ohun tó gbàgbé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní, "Àǹtí, ó dà bíi pé mo mọ ohun tó fà á. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé á já bọ́. Kò já bọ́. Wọ́n gé tiyín ni. Wọ́n gé tiyín, wọ́n fi tèmi sílẹ̀."

Kì í ṣe pé mi ò gbọ́ nípa ìdábẹ́ rí. Mo ti kà á lára ògiri ilé ìwòsàn, wọ́n ti sọ ọ́ fún wa níbi ìpàdé àwọn olùkọ́, pé ìjọba ti fòfin dè é. Ṣùgbọ́n bí ẹni ń gbọ́ nípa ìlú tí kò dé rí ni mo ṣe gbọ́ ọ. Mi ò fi í wé ara mi. Ara mi ni mo mọ̀, mi ò ní òmíràn tí màá fi wò ó. Àbúrò mi ni òmíràn yẹn.

Nígbà tí ìyá wa ti ọjà dé, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tán tí àbúrò mi fi bi í léèrè. Ó bi í bó ṣe máa ń bi gbogbo nǹkan, láìsí ìfàsẹ́yìn kankan. "Màámi, kí ló dé tí wọ́n fi dábẹ́ fún Àǹtí, tí wọn ò dá fún mi?"

Ìyá wa rọra sọ ọmọ mi kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí. Ó tú ìdí òwú kan, ó tún un dì, ó tún un tú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, èmi ló ń wò.

"Ọjọ́ kẹjọ tí mo bí ọ ni. Ìyá bàbá yín ló ránṣẹ́ pe olóólà. Kò sí ẹni tó bi mí, èmi náà ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n bi mí, torí wọ́n dábẹ́ fún èmi náà. Wọ́n ní tí wọn ò bá gé e, lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ bímọ, tí orí ọmọ bá kàn án, ọmọ á kú. Wọ́n ní á jẹ́ kó o máa sá tọ ọkùnrin kiri. Mo gbé ọ fún wọn. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi gbé ọ fún wọn."

Ó wo ọwọ́ náà.

"Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Wọ́n fi omi ìgbín sí i, wọ́n fi ewé sí i, kò dá. Nígbà tó máa di ọ̀sán, o ti funfun bí ẹ̀kọ. O ò lè sunkún mọ́. O máa ń la ẹnu, kò ní sí ohùn. Bàbá yín lọ gbé ọkọ̀ káńsù láìtọrọ, ló gbé wa lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì ọ́, tí mò ń fi ìka kàn ọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ kí n lè mọ̀ bóyá o ṣì ń gbóná."

Àbúrò mi ti lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Nígbà tí mo wá bí èyí, wọ́n tún fẹ́ ránṣẹ́. Mo ní ara ọmọ náà ò le, kí wọ́n jẹ́ kó lágbára díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo pọ̀n ọ́n, mo gba Ìkòyí-Ilé lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń dáko níbẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi bá wọn bó ẹ̀gẹ́. Nígbà tí mo padà dé, mo ní wọ́n ti bá mi ṣe é lọ́hùn-ún. Kò sí ẹni tó tú aṣọ rẹ̀ wò. Àfi lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ léèrè lẹ́yìn ilé. Àyà mi já. Gbogbo agbo ilé ló ń gbọ́ wa níbẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" Mo gbọ́ ohùn ara mi, ó le ju bí mo ṣe fẹ́ kó le lọ. "Látìgbà náà?"

"Kí n wá sọ kí ni?" ó ní. "Pé mo ní ẹsẹ̀ tí mo lè fi sá, mi ò sì fi í sá nítorí rẹ? Ara rẹ ni mo ti kọ́ ọgbọ́n tí mo lò fún un. Báwo ni ìyá ṣe máa sọ ìyẹn fún ọmọ?"

Mi ò tíì rí omi lójú ìyá mi rí, kódà nígbà tí bàbá wa kú. Mo bínú, mi ò ní parọ́. Mo bínú sí i, mo bínú sí ìyá bàbá mi tó ti kú, mo bínú sí ọwọ́ olóólà tí mi ò mọ ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìbínú yẹn náà, mò ń rí obìnrin kékeré kan tó jókòó ní ọsibítù, tí kò ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ, tó ń fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Mo dìde, mo lọ gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ọmọ mi sì tú gbogbo bọ́tìnnì tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ dà sílẹ̀, kò sí ẹni tó bá a wí.

Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ náà wà, mo lè padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tún máa fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó. Àbúrò mi ò gbà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé ikùn rẹ̀ wọ ọkọ̀, ó bá mi wá sílé. Oníbàárà rẹ̀ kan ló júwe nọ́ọ̀sì àgbà kan fún un, tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ní ilé ìtọ́jú aboyún kékeré nítòsí wa. A jọ lọ. Àbúrò mi ló bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ojú ń tì mí.

Nọ́ọ̀sì náà ga, ó wọ awò, kò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó yẹ̀ mí wò, ó ní kí n wọṣọ, ó sì jókòó ti mí.

"Ọmọ mi, idó rẹ ni wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n sì mú díẹ̀ lára ètè ibẹ̀. Nígbà tó ń jinná, awọ há sábẹ́ àpá, ọ̀rá àti ìdọ̀tí ara sì ń kó jọ sínú rẹ̀. Òun ló di kókó. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Dókítà tó máa ń wá síbí lọ́jọ́bọ̀ á yọ ọ́, wàá sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà."

"Ṣé adùn yẹn á wá wà?" Àbúrò mi ló bi í. Èmi ò ní lè bi í láéláé.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Mi ò lè ṣèlérí. Wọn ò lè dá ohun tí wọ́n gé padà. Ṣùgbọ́n idó kì í ṣe orí tó wà níta yẹn nìkan, ó ní gbòǹgbò nínú, ìyẹn ṣì wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin kan wà tí mo ti rí tí wọ́n padà wá gbádùn. Àwọn míì wà tó jẹ́ díẹ̀ ni. Tí ìrora bá kọ́kọ́ lọ ná, a óò mọ èyí tó kù. Níbo ni ọkọ rẹ wà?"

Mo ní ó wà níbi iṣẹ́. Ó ní kí n mú un wá kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Èmi ni mo gbọ́dọ̀ sọ fún un, mo sì sọ ọ́ fún un ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láàárín ariwo ẹ̀rọ, torí ibẹ̀ ni mo ti lè sọ ọ́ láìgbọ́ ohùn ara mi. Ó pa ẹ̀rọ náà. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, láti orí ìyá bàbá mi títí dé orí kókó. Ó jókòó sórí páálí ìwé.

"Mo rò pé òórùn yíǹkì ni," ó ní.

"Òórùn kí ni?"

"Yíǹkì. Mo rò pé òórùn yíǹkì ara mi ni o kórìíra. Pé o ò fẹ́ kí ọwọ́ yìí kàn ọ́." Ó nà án sí mi, ọwọ́ tí kẹrosíìnì ti bó. "Mo ti ń wá iṣẹ́ míì."

Ẹ̀rín pa mí, ẹkún sì gbọ̀n mí, ọkùnrin tó ń ta àlùbọ́sà ní iwájú yọjú wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ràn òórùn yíǹkì. Òótọ́ ni.

A lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó bá àwa méjèèjì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko, láìfi ohunkóhun pamọ́. Ó ní kí a má bára wa sùn títí ojú egbò á fi jinná. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn, kí a má kánjú. Ó fún wa ní nǹkan tó ń yọ̀ tí a óò máa lò. Ó sọ fún ọkọ mi pé, "Ẹ̀yin bàbá, gbogbo ara obìnrin ló lè gbádùn ìfọwọ́kàn. Ẹ má lọ tààrà síbi tí wọ́n ti ṣe é léṣe. Ẹ máa bi í." Ó kọjú sí mi, ó ní, "Ìwọ náà, tó bá bi ọ́, má parọ́ fún un mọ́." Ọkọ mi fa báírò yọ, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó gbé báírò sílẹ̀, pé kì í ṣe ìdánwò.

Lọ́jọ́bọ̀, dókítà yọ kókó náà. Nígbà tí mo rí i nínú abọ́, ó tó ẹyọ obì àbàtà kékeré. Àbúrò mi dúró tì mí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, á po omi gbígbóná mọ́ iyọ̀ nínú baàfù, á ní kí n jókòó sí i, òun náà á jókòó sórí àga níwájú mi, á máa dì mí nírun kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dilẹ̀. Mi ò ní irun tó dáa bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ìyá wa kò lè fi ìsọ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó fi nǹkan kan rán dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ Ọ̀yọ́ sí mi: ìrọ̀rí kan tó fọwọ́ rán, tó rí róbótó bí òṣùká, tí àárín rẹ̀ ṣófo, kí n lè máa jókòó sórí rẹ̀ ní kíláàsì láìsí pé nǹkan kan tẹ ojú egbò. Aṣọ àǹkárá olódòdó ló fi rán an. Àwọn ọmọ bi mí léèrè ohun tó jẹ́, mo ní adé ni, mo kàn ń jókòó lé e ni.

Ìrora lọ. Kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Ó kọ́kọ́ lọ nígbà tí mo bá ń tọ̀, ó lọ nígbà tí mo bá jókòó, ó wá lọ lára èmi àti ọkọ mi díẹ̀díẹ̀. Ìbẹ̀rù ló pẹ́ jù. Ara mi ti mọ́ ọn lára láti máa le gbandi tí ó bá ti sún mọ́ mi. Ó ń bi mí, mò ń dáhùn. Ìgbà míì màá ní kó dúró, á dúró, a óò wá máa sọ̀rọ̀ nípa nǹkan míì títí oorun á fi gbé wa lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ wa ti sùn lọ, òjò sì ń rọ̀ gan-an, nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Kò tó èyí tí àbúrò mi júwe. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn na ara dáadáa lẹ́yìn tó ti jókòó pẹ́, ooru kan tó bẹ̀rẹ̀ láti inú tó wá tàn dé ẹsẹ̀. Ó kéré, ṣùgbọ́n tèmi ni. Ọkọ mi rí ojú mi, ó ní, "Ṣé ó dùn ọ́ ni?" Mo ní, "Ó dùn mọ́ mi." Ó bi mí ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó gbà mí gbọ́.

Mo pe àbúrò mi lórí fóònù. Mo ní, "Mo fẹ́ẹ́ sín." Ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ tí wọ́n ń bi í bóyá ẹnì kan ti bímọ.

Òun ló bímọ lẹ́yìn oṣù méjì. Obìnrin ni. Wákàtí mẹ́fà péré ló fi rọbí, ibẹ̀ ò ya, wọn ò sì rán nǹkan kan. Orí ọmọ náà kan gbogbo ibi tó yẹ kó kàn, kò sì sí ohun tó ṣe é. Nígbà tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ tán, àwa obìnrin ló kù nínú yàrá, ìyá ìyá ọkọ àbúrò mi sì gbé ọmọ lẹ́sẹ̀. Ìyá arúgbó dáadáa ni, ó fẹ́ràn àbúrò mi bí ojú. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ìgbà wo la máa bá a ṣe tiẹ̀? Mo mọ ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́."

Àbúrò mi la ẹnu. Ìyá wa gbé ọwọ́ sókè, ó dá a dúró. Ó kọjú sí mi.

"Ṣé kí n sọ ọ́?"

Mo ní, "Ẹ sọ ọ́, Màámi."

Ìyá mi, tó ti parọ́ oṣù mẹ́rin ní Ìkòyí-Ilé, tó ti ilẹ̀kùn yàrá wẹ ọmọ, sọ gbogbo rẹ̀ níwájú obìnrin mẹ́jọ. Ó sọ ti ẹ̀jẹ̀, ó sọ ti ọsibítù. Nígbà tó kan èmi, mo gbà á lẹ́nu rẹ̀, mo sọ ti ìrọbí àti ti kókó. Mo sọ ti ọkọ mi náà, àyàfi ti yíǹkì, ìyẹn tiwa ni. Mo sọ pé òfin ò fàyè gbà á mọ́, ṣùgbọ́n mi ò rò pé òfin ni wọ́n gbọ́.

Ìyá arúgbó náà fa aṣọ bo ọmọ náà. Ọmọ ń sùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wá sún mọ́ àbúrò mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti di díẹ̀, gbogbo wa la sì gbọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ tí wọn ò dá fún. Ṣé lóòótọ́ ni pé ó máa ń dùn?"

"Ó máa ń dùn, Ìyá," ni àbúrò mi wí. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mẹ́sàn-án ni mo bí," ni ìyá náà wí. "Mo rò pé àwọn ọkùnrin nìkan ni wọ́n dá a fún."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, òmíràn bá a rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá gbogbo wa ti ń rẹ́rìn-ín, ìyá náà gan-an sì ń nu ojú. Mi ò lè sọ bóyá ẹ̀rín ni gbogbo omi tó ń nù náà. Kò dárúkọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ yẹn mọ́. Ó gbé ọmọ náà fún ìyá mi, ìyá mi sì gbà á.

Ọmọ náà ti ń lọ sí iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi báyìí, ó ń bi gbogbo èèyàn ní ìbéèrè. Èmi àti ọkọ mi ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ míì wà tí nǹkan kan máa ń dé, ọjọ́ míì wà tí kì í dé, a ò sì fi ìyẹn ṣe ìjà. Ìbínú mi sí ìyá mi kò tán pátápátá. Mo sọ ìyẹn fún un lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mò ń bá a to òwú sórí pákó ìsọ̀. Ó ní òun mọ̀, pé tòun náà sí ara òun kò tíì tán. Ó wá ní kí n gbé òwú pupa fún òun, a sì ń to ọjà lọ.